Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Iná Inú Ọkọ̀ Yín

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọn yóò ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ gílóòbù ọkọ̀, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ rewáyà ni? Iṣẹ́ rewáyà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkùnkùn bá ṣe léṣe nídìí ọkọ̀, ọ̀dọ̀ àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń gbé e wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ rewáyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa fún yín. Ní ìparí ọdún 2019, a lọ síbi òkú ní Ìkìrun. Bọ́ọ̀sì ẹbí wa, tí ẹ̀gbọ́n mi kan rà ní tòkunbọ̀, la gbé lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó padà dé Ìbàdàn. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé ìyá kékeré mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71 nígbà náà, mo ní kí awakọ̀ tan iná inú ọkọ̀ kí ìyá lè ríran sọ̀ kalẹ̀. Ó dá mi lóhùn pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká tan án. Bátìrì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Tí a bá tan gbogbo iná yẹn, ó lè má sítáàtì mọ́." Mo dákẹ́. Ìyá di ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n rò pé orí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ni àwọn fẹ́ tẹ̀, àṣé òfìfo ni. Kí n tó na ọwọ́, wọ́n ti wà nílẹ̀.

Egungun itan wọn ló kán, níbi tó ti wọ inú ìbàdí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, a ná owó tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi kọ́ ìrìn padà bí ọmọdé. A dúpẹ́ pé wọ́n ń rìn lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò kúrò lọ́wọ́ wọn mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé owó àwọn gílóòbù kéékèèké tí kò bá má jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀, kò tó owó oògùn ọjọ́ kan tí a rà nílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin àgbà, kì í ṣe ẹ̀bi yín tí ẹ kò bá ríran lálẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, ihò dúdú àárín ẹyinjú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé máa ń kéré sí i, awo inú ojú náà á sì máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá fi máa pé ọdún 60, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọmọ ogún ọdún lọ. Bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá ti ibi ìmọ́lẹ̀ bọ́ sínú òkùnkùn, ó máa ń pẹ́ kó tó mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ọmọ yín fi lè bẹ́ sílẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì láìwo ilẹ̀, tí ẹ̀yin kò sì gbọdọ̀ dán an wò. Àwọn baba wa ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tí kò rí ìmọ́lẹ̀, kí ni yóò fi ṣọ́ orí?

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì wọ́n. Òun ni gílóòbù LED. Gílóòbù àtijọ́ ní òwú wáyà tín-ín-rín nínú, tó ní láti gbóná títí yóò fi pọ́n kó tó tan ìmọ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú agbára bátìrì tó ń gbà, ooru ló ń fi í dà. LED kò ní òwú wáyà nínú rárá. Ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa ní Amẹ́ríkà. Ó wá di àárín ọdún 1990 sí 1995 kí àwọn onímọ̀ ará Japan tó rí LED aláwọ̀ búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa ṣe, èyí tí a nílò láti rí ìmọ́lẹ̀ funfun. Akasaki, Amano àti Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2014. Lónìí, ẹ lè rí i rà ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Géètì ní Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gílóòbù 6 ló wà nínú bọ́ọ̀sì yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10. Wáàtì 60 nìyẹn. Lórí bátìrì fóòtì 12, ámpíà 5 ni wọ́n ń fà. Tí ẹ bá fi LED oníwáàtì 2 rọ́pò wọn, gbogbo rẹ̀ di wáàtì 12, ámpíà 1 péré. Ẹ lè tan iná náà títí gbogbo èrò yóò fi sọ̀ kalẹ̀, tí àyà ẹnikẹ́ni kò ní í já. Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o: LED kì í ṣe oògùn bátìrì tó ti kú. Bí bátìrì bá ti gbó, tàbí tí ẹ́ńjìnnì kò rọ iná sí i mọ́, ẹ tún ìyẹn ṣe ná.

Ẹ̀yin òbí náà ní èrè níbẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ti wà ní títàn fún ìgbà díẹ̀ lè jó ọmọdé lọ́wọ́, ó sì lè yọ́ ike tó bò ó. LED kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti gílóòbù àtijọ́ ni kí ẹ rà fún inú ọkọ̀, kì í ṣe èyí tó funfun bíi ti mànàmáná. Ìyẹn máa ń gún ojú àgbà.

Ti inú ọkọ̀ nìyẹn. Èkejì ni àwọn iná kéékèèké tó wà létí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn, tí bọ́ọ̀sì ńlá, tìpà àti tírélà fi ń sọ fún ẹni tó ń bọ̀ pé, "Ibí ni mo wà, bí mo ṣe fẹ̀ tó rèé." Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná wọ̀nyí bá kú: ẹni tó wakọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ yóò wọ ìdí tírélà tí kò rí. Òwú wáyà inú gílóòbù àtijọ́ kì í fara da ihò ojú ọ̀nà wa, ó máa ń já ni. LED tó dára kò ní ohun tó lè já bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, tàbí tí ẹ fẹ́ dúró ti rewáyà, ẹ kíyè sí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní, ẹ pa iná ọkọ̀, ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí gílóòbù àtijọ́ tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Èkejì, ẹ mú gílóòbù àtijọ́ dání lọ sọ́jà. Kékeré tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì lásán ni wọ́n ń pè ní T10 tàbí W5W. Èyí tó ní orí irin méjì bí ọ̀pá kékeré, ẹ wọn gígùn rẹ̀, nítorí wọn kò gùn bákan náà. Fún iná ẹ̀yìn, 1156 ń ṣe iṣẹ́ kan, 1157 sì ń ṣe iṣẹ́ méjì: iná alẹ́ àti iná bíréèkì.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè fóòtì. Ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀sì kékeré ń lo 12. Ọ̀pọ̀ tírélà àti bọ́ọ̀sì ńlá ń lo 24. LED fóòtì 12 tí wọ́n bá fi sínú ọkọ̀ fóòtì 24 yóò jóná.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fi LED sí i tí kò tàn, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ yí i padà, ẹ tún un fi sí i.

Ìkarùn-ún, àwọ̀ LED gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ ike tó bò ó mu. LED pupa ni kí ẹ fi sẹ́yìn ike pupa, èyí tó ní àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ fi sẹ́yìn ike àwọ̀ ọsàn. LED funfun kò ní pupa púpọ̀ nínú. Tí ẹ bá fi í sẹ́yìn ike pupa, iná náà yóò rẹ̀wẹ̀sì. Iná funfun kò sì gbọdọ̀ kọjú sẹ́yìn, àfi ti rìfáàsì àti èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí nọ́ńbà ọkọ̀.

Ìkẹfà, bí tráfíkétọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kíákíá, ohun tó ń darí rẹ̀ rò pé gílóòbù kan ti kú ni, nítorí LED kò fa iná púpọ̀. Ẹ ní kí rewáyà pààrọ̀ fíláṣà sí èyí tó bá LED mu. Àwọn kan máa ń so nǹkan kékeré kan mọ́ wáyà láti fi jẹ iná. Nǹkan yẹn máa ń gbóná gan-an, kò gbọdọ̀ fara kan ike tàbí wáyà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fíúùsì tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, ọ̀nà tí iná fi ń jó ọkọ̀ nìyẹn.

Ìkeje, kí ẹ tó sanwó, ẹ rìn sẹ́yìn ọkọ̀ tó ogún ìṣísẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kí ẹnìkan tẹ bíréèkì. Ìyàtọ̀ iná alẹ́ àti iná bíréèkì gbọ́dọ̀ hàn gbangba. Tí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín náà kò ní rí i.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀: iná ńlá iwájú. Bí wọ́n kò bá ṣe é fún LED láti ilé iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi LED sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, yóò sì ṣí bo ojú ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì. Àgbà tí awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè fọ́ ọ lójú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìyẹn sì ti tó fún jàǹbá. Ẹ nu gíláàsì iná iwájú yín kó mọ́, ìyẹn gan-an yóò ràn yín lọ́wọ́.

Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́ sójú ọ̀nà lálẹ́, iná nìkan kò tó. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀, kó jìnnà tó àádọ́ta ìṣísẹ̀, kí èrò sì kúrò lójú títì. Nọ́ńbà àjọ FRSC tí ẹ lè pè ni 122.

Tí àgbàlagbà bá ṣubú níbi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fà á dìde, ẹ má sì fi òróró wọ́ ọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ yí síta, ó ṣeé ṣe kí egungun ìbàdí ti kán. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ rí àmì yìí, ṣùgbọ́n tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ohun kan náà ni kí ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ má fún un ní oúnjẹ, kí ẹ sì wá bí ẹ ó ṣe gbé e lórí pátákó pẹrẹsẹ dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya fọ́tò egungun.

Ẹ̀gbọ́n mi ti pààrọ̀ gbogbo gílóòbù bọ́ọ̀sì yẹn báyìí, ó tún fi LED kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tó ń tàn sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí ìyá kékeré kọ́kọ́ rí i, wọ́n fi ọ̀pá wọn kan ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n ní, "Ìwọ lò ń bọ̀ látọjọ́ yìí?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹ má jẹ́ kí tiyín pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá tàbí bàbá yín tó tún wọ ọkọ̀ lálẹ́, ẹ lọ wo iná ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ lé.