Ọ̀ta ayò Ìbíadé di òpè nídìí póókà

Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọ̀ta ayò n'Ìbíadé, l'Ogun Waterside, ọmọkùnrin tá à ń sọ yìí wà nínú wọn. Bó bá ti Èkó dé nígbà ọdún, àwọn àgbà gan-an máa ń sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Àmọ́ ẹ wá wò ó l'Èkó lálẹ́ Sátidé, nínú yàrá ọ̀rẹ́ ẹ̀, níbi tí owó ilé ti fẹ́ bá póókà lọ!

Ohun tó kó bá a ni pé ó rò pé eré kan náà ni. Ọpọ́n ayò ní ojúlé 12, ọmọ ayò 48, gbogbo ẹ̀ ló wà ní gbangba. Ẹni tó bá lè kà á mọ ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa já sí. Káàdì póókà jẹ́ 52. Nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, méjì péré ló máa wà lọ́wọ́ ẹ. Wọ́n á ṣí márùn-ún sílẹ̀ fún gbogbo yín: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Nínú méjèèje, márùn-ún tó dáa jù lo máa lò. Tọwọ́ ẹlòmíì, ìkọ̀kọ̀ ni, ó sì lè máa fi owó nìkan lé ẹ sá.

Nídìí ayò, bó bá kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ ta. Ọmọ Ìbíadé ò mọ̀ pé nídìí póókà, èèyàn lè ju káàdì sílẹ̀ kó má san nǹkan kan mọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń sanwó wò. Nígbà tó nawọ́ sápò lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ẹ̀ bi í pé:

"Àbúrò, kí lò ń wá gan-an?"

"Ẹ̀gbọ́n, àmì kan náà mẹ́rin ni mo ti ní, ẹ̀karùn-ún ni mò ń retí."

"Mélòó ló kù tó lè gbà ẹ́?"

Kẹ́kẹ́ pa.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àmì kọ̀ọ̀kan ní káàdì 13. O ti rí 4, ó ku 9. Bó bá ku káàdì kan ṣoṣo tí wọ́n máa ṣí, 46 lo ò tíì rí. Nínú ìgbà márùn-ún, bí ẹ̀ẹ̀kan ló máa bọ́ sí i fún ẹ. Bí 1,000 náírà bá wà nílẹ̀, tí wọ́n ní kó o mú 200 wá, san án. Bí wọ́n bá ní 500, ju káàdì sílẹ̀ jàre. Ọ̀rọ̀ ìgboyà kọ́. (Ẹni tó bá sì ń dúró de éèsì méjì lọ́wọ́ kó tó ta, á pẹ́ o: ẹ̀ẹ̀kan nínú 221 ni.)

Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fẹ́ràn láti máa dárúkọ Chris Moneymaker, oníṣirò owó ará Amẹ́ríkà tó ti ibi dọ́là 86 wọ ìdíje ńlá, tó gba mílíọ̀nù 2.5 dọ́là lọ́dún 2003. Wọn kì í sọ̀rọ̀ àwọn 838 yòókù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, 2,000 péré ló kó sápò. Owó ilé wà lọ́wọ́ ìyàwó. Ó ń ju káàdì sílẹ̀ títí wọ́n fi ń fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tó dìde ní aago mọ́kànlá, 1,400 ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.