Karate Kì í Ṣe Ìjà Ìgboro

Tẹ́nikẹ́ni bá ti gbọ́ pé mò ń kọ́ karate lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé o fẹ́ di jàǹdùkú ni?" Àwọn míì ní ọmọbìnrin ni mí, kí ni mò ń wá níbẹ̀. Èmi ò gbà fún wọn o.

Gichin Funakoshi, ẹni tó gbé karate láti Okinawa wá sí Tokyo lọ́dún 1922, olùkọ́ ilé-ìwé ni, kì í ṣe ọmọ ìta. Nígbà tó di 1924, Yunifásítì Keio ti ní ẹgbẹ́ karate tiwọn. Ọwọ́ òfìfo ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀kọ́ Funakoshi sì ni pé oníkarate kì í ṣe ẹni tó máa kọ́kọ́ gbéjà ko èèyàn.

Kí là ń ṣe níbẹ̀ gan-an? A máa ń tẹríba fún ara wa ká tó bẹ̀rẹ̀, a tún máa ń tẹríba tá a bá parí. Bí wọ́n ṣe ń dúró la kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí wọ́n wá ní ká kọjú síra wa, òfin ni pé ẹ̀ṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró kó tó ba ẹnìkejì. Ẹni tínú ń bí ò lè ṣe ìyẹn. Bẹ́líìtì funfun ṣì ni tèmi, dúdú ṣì jìnnà.

Ṣebí àwa náà ní gídígbò. Tí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ó parí nìyẹn, wọn kì í lu ẹni tó ti ṣubú. Eré ló lófin, ìjà ìgboro ò ní.

Wọ́n ní ọmọ míì á fi halẹ̀ mọ́ àwọn kékeré. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fìyà jẹ ọmọ JSS 1 báyìí, ta ló kọ́ wọn ní karate? Kò sẹ́nì kankan. Wọn ò tíì rí ẹni tó máa ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró ni.

Ní ti àwa ọmọbìnrin tó ń dá rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́, mi ò sọ pé a ó lu géńdé ọkùnrin. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n fura, kí n pariwo, kí n já ọwọ́ mi gbà, kí n sì sá. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn ni Ajíbọ́dé wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aláṣẹ ilé-ìwé wa, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹnìkan máa wá kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ìdágbére ilé-ìwé. Kí olùkọ́ kan máa wà níbẹ̀. Aṣọ eré ìdárayá wa ti tó. Ẹni tó bá sì fi jà níta, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kíá, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi.