Odò Àsà Kò Sùn Sílé

Ẹ bi ará Ìlọrin nípa ẹrẹ̀ etí òkun, yóò ní: "Èwo ni tèmi ńbẹ̀? Ìlú wa ò kúkú létí òkun." Òótọ́ ni. Àmọ́ omi tó ń kọjá lábẹ́ afárá Amílẹ́gbẹ́ kò dúró síbẹ̀. Àsà ń bọ́ sínú odò Awun, Awun ń bọ́ sínú odò Ọya, Ọya sì ń gbé e lọ sí Niger Delta, tòun ti ọ̀rá àti ike táwọn èèyàn dà sódò, èyí tí kò bá há sọ́nà.

Ibẹ̀ ni igi kan wà tí òyìnbó ń pè ní mangrove. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ alákàn, omi iyọ̀ kì í pa á. Ti Nàìjíríà ló pọ̀ jù ní gbogbo Áfíríkà.

Ẹ wo èédú tí wọ́n ń fi àpò kó wọ Ìlọrin. Dúdú inú rẹ̀ yẹn gan-an ni kábọ́ọ̀nù. Inú afẹ́fẹ́ ni igi ti fà á. Bí iná bá jó o, afẹ́fẹ́ náà ló ń padà sí, ayé á sì máa gbóná sí i. Igi inú igbó, bó bá kú, ikán á jẹ ẹ́, kábọ́ọ̀nù á sá lọ. Ti etí òkun yàtọ̀. Ewé àti gbòǹgbò tó kú ń rì sínú ẹrẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ráyè dé ibẹ̀, wọn kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún! Ìdí nìyẹn tí eékà kan irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè kó kábọ́ọ̀nù pamọ́ tó ìlọ́po 3 ti igbó kìjikìji.

Ní Bodo, nílẹ̀ Ogoni, ọ̀pá epo bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní 2008. Igi kú lọ súà. January 2015 ni Shell tó gbà láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Wọ́n ti gbin òmíràn, àmọ́ ọmọ igi àná kò lè ṣiṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe epo nìkan o. Igi yìí náà làwọn obìnrin etí omi fi ń yan ẹja. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú edé tí ìyàwó ilé ń rà lọ́jà Ìpàtà, abẹ́ gbòǹgbò yẹn ló ti dàgbà. Ta ni yóò wá sọ fún ìyá tó ń yan ẹja pé kó pa iná, láì fún un ní ohun tí yóò fi dáná? Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń tú èéfín ẹ́ńjìnnì sáyé tipẹ́tipẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò.