Ọmọ Ilé Méjì: Ìran Wo Ni Kí Ó Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn rí. Akéwì tí ó ń ki ènìyàn, bí ó bá ti kí ilé baba tán, kò ní ṣàì ya ilé ìyá. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ AS gba A lọ́dọ̀ òbí kan, ó sì gba S lọ́dọ̀ èkejì. Ara kì í gbàgbé ilé kankan. Fọ́ọ̀mù ni ó máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, tí àwọn mìíràn sì ti fẹ́ ọkọ tàbí aya láti inú ìran mìíràn. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1990, ìran kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí ènìyàn yàn. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ gba ènìyàn láyè láti yàn ju ẹyọ kan lọ. Ní ọdún 2020, iye àwọn tí a kà mọ́ ìran tí ó ju ẹyọ kan lọ tó mílíọ̀nù 33.8. Wọ́n ti tún ọ̀nà ìbéèrè àti ìkàsí ṣe, èyí sì wà lára ohun tí ó sọ iye náà di púpọ̀. Ẹ ò rí i pé bí a bá ṣe béèrè ni a ó ṣe rí ènìyàn kà?

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni fọ́ọ̀mù ní í ṣe pẹ̀lú ìlera? Ìṣirò kan jáde ní ọdún 2009 tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀ fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bí aláìsàn bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọn a sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 1.159. Kíndìnrín tí ó ń kú lọ a wá dà bí èyí tí ó ṣì lágbára, ẹni tí ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tí ń retí kíndìnrín tuntun a sì máa dúró. Dúdú tàbí aláìdúdú nìkan ni ìṣirò náà mọ̀. Ọmọ tí baba rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó ńkọ́? Kíndìnrín kan, èsì méjì, ó kù sọ́wọ́ akọ̀wé tí ó kọ fọ́ọ̀mù! Ọdún 2021 ni ìṣirò tuntun tí kò ka ìran sí tó jáde.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yọ ìran kúrò nínú gbogbo ìwé. Èmi kò gbà. Ẹni tí a kò kà, ìyà tí ń jẹ ẹ́ kò lè hàn sí ìjọba. Kí fọ́ọ̀mù gba ilé méjèèjì, kí a lè mọ ẹni tí ìtọ́jú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí dókítà yẹ ara tí ó wà níwájú rẹ̀ wò, kí ó má fi àmì orí ìwé rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì, ẹ rán wọn létí pé ẹni tí ó bá ki ilé baba nìkan kò tíì ki ọmọ náà tán.