Owó Ínhélà àti Oúnjẹ Òòjọ́ ní Àlàbá

Ásímà tó le ni èyí tí ọ̀nà èémí fi máa ń wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dí i, tí àyà sì ń há lemọ́lemọ́ àfi bí aláìsàn bá ń fa òògùn líle símú láti inú ínhélà lójoojúmọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 gbé iye ọmọ Nàìjíríà tó ní ásímà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 13. Ìwọ̀nba nínú wọn ni tiwọn le tó báyìí, ṣùgbọ́n àwọn yìí ni iṣẹ́ máa ń tètè bọ́ lọ́wọ́ wọn, àgàgà níbi tí ẹni tí kò bá jáde lónìí kò ti ní rówó mú wálé.

Irú ibẹ̀ ni Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, tó sì di ojúkò òwò ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń rú èéfín lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Eruku ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ láti 2009, ń fẹ́ wọlé láti Òkokomáíkò. Ọyẹ́ a tún fi tirẹ̀ kún un. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùṣèwádìí rí i pé ògbólógbòó ẹ̀rọ tó tó 60,000 tọ́ọ̀nù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún kan. Èyí tí kò bá ṣeé tún ṣe mọ́, àwọn kan a dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè yọ kọ́pà. Lórí tábìlì àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe pàápàá, oje igi páìnì tó wà nínú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ máa ń rú èéfín tó lè dá ásímà sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó dènà èéfín yìí. Ní Àlàbá, ẹni tó ń fà á símú ló ń dá ìyà rẹ̀ jẹ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà pàṣípààrọ̀ owó, ohun òkèèrè sì wọ́n. Ní oṣù kẹjọ, GSK, ilé iṣẹ́ tó ni ínhélà Ventolin àti Seretide, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí owó ínhélà fi ju ìlọ́po méjì lọ. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin di ₦70,000 ní 2024, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í sábà gba owó oṣù rárá.

Bí owó bá há, ínhélà aláwọ̀ búlúù ni aláìsàn ń rà, nítorí pé ó ń ṣí àyà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó ń dín wíwú ọ̀nà èémí kù, tí wọ́n ń lò ní àárọ̀ àti alẹ́, ni wọ́n ń fi sílẹ̀, torí pé ara kì í mọ iṣẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti 2019 ni GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ásímà, ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà má gbára lé ti búlúù nìkan. Owó tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́ ni ilé ìwòsàn ń gbà lóru ọjọ́ kan, pẹ̀lú èlé ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣòfò.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi àìsàn tó tó ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún pẹ̀lú owó, bí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2010 tún sọ pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àìsàn tí iṣẹ́ fà. Ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ ohunkóhun sílẹ̀, ó ṣòro kí àǹfààní yìí tó tẹ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ burú jù: ọ̀gá ń bọ́ ọ, yóò sì fún un ní owó ìdásílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dá a padà sílé ṣáájú òmìnira, ọwọ́ òfìfo ni yóò bá lọ.

Ẹni tó mọ ọjà tà kò di aláìwúlò nítorí èémí. Ọ̀gá lè gbé e kúrò nídìí lẹ́ẹ̀dì sí ìdí ìwé owó, kí ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn, ìpínlẹ̀ Èkó sì ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ Ìlera Èkó. Kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà forúkọ ọmọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìjọba sì rí i pé ínhélà àárọ̀ àti alẹ́ wà lára òògùn tí owó ìbánigbófò náà ń rà.