Kò Sí Yẹtí Ọ̀fẹ́

Ìlú obì ni Anyama, ní àríwá Abidjan ní Côte d'Ivoire. Oníṣòwò obì mọ̀ dáadáa pé bí a bá ṣe ṣa obì tó, tí a yà á sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n àti ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ṣe ń yàtọ̀. Ìmọ̀ yìí gan-an, pé iṣẹ́ ọwọ́ ló ń fi iye kún ọjà, ló yẹ kí àwọn tó ń fi ègé àńkárá ṣe yẹtí, ẹ̀gbà ọwọ́ àti báàgì kékeré mú lò. Nítorí pé ọ̀dọ̀ aránṣọ ni ègé náà ti wá, ó rọrùn láti rò pé ohun èlò kò náni ní nǹkan kan, kí a sì ta ọjà ní pọ́ọ́kú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa: páálí, gọ́ọ̀mù, wáyà ìkọ́ àti fáníìṣì ń gba owó, ìjókòó wákàtí púpọ̀ náà sì ní iye. Ẹni tí kò bá ka àkókò rẹ̀ mọ́ owó ọjà ń san owó fún oníbàárà rẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní yẹtí ike tó ń ti òkè òkun wọ ọjà Adjamé l'Abidjan ti pọ̀ jù, pé bí a bá gbówó lé tiwa, kò ní tà. Èmi rò pé ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká bá a du ẹ̀dínwó. Ilé-iṣẹ́ Uniwax ti ń tẹ àńkárá l'Abidjan fún ohun tó lé ní 50 ọdún, síbẹ̀ ayédèrú aṣọ olówó pọ́ọ́kú láti Éṣíà ń fìtínà ilé-iṣẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ ńlá kò bá lè fi ẹ̀dínwó borí, kí ni obìnrin kan pẹ̀lú àlùmọ́gàjí fẹ́ ṣe? Ibi tí ó ti lágbára ni aṣọ ẹbí. Kò sí ilé-iṣẹ́ òkè òkun tó mọ àńkárá tí ìdílé kan mú fún ìgbéyàwó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, débi tí yóò fi ṣe yẹtí tó bá a mu.

Àwọn mìíràn á ní àlejò ni ká dojú kọ. Òótọ́ ni pé pápá ìṣeré Ebimpé ní Anyama gba èrò rẹpẹtẹ nígbà ìdíje bọ́ọ̀lù Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, títí dé àṣekágbá tí Côte d'Ivoire ti na Nàìjíríà 2–1 ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2024. Ṣùgbọ́n àlejò a máa lọ. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe kò lọ síbì kankan, pàápàá láàárín àwọn Yorùbá tó ti Èjìgbò àti àyíká rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Côte d'Ivoire.

Ìbéèrè kan ṣì kù: ta ló ni ègé aṣọ? Oníbàárà tó ra ọ̀pá mẹ́fà ló ni ín, kì í ṣe aránṣọ. Nítorí náà, kí oníbàárà fúnra rẹ̀ kó ègé aṣọ rẹ̀ wá, kí oníṣẹ́ sì gba owó iṣẹ́ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń gba owó ìránṣọ. Aáwọ̀ á tán, owó iṣẹ́ náà á sì hàn gbangba. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó, kí ó gba yẹtí nìkan, kí ó fi ẹ̀gbà àti báàgì sílẹ̀. Iye ohun tí a ṣe ni ká dín kù, kì í ṣe owó iṣẹ́.