Kí Á Tó Pa Díkódà Tì: Ìṣirò Tó Yẹ Kí Ìdílé Kọ̀ọ̀kan Kọ́kọ́ Ṣe

Láti oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kò ti kúrò lẹ́nu àwọn ará ìlú, láti Àkúrẹ́ dé Ìta-Ògbólú, àti láti Òǹdó dé Ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà ni ilé-iṣẹ́ MultiChoice, tó ni DStv àti GOtv, fi kún iye tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san. Ìpele Compact lórí DStv kúrò ní náírà 15,700, ó di náírà 19,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ yìí fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ náírà 73,000. Èyí já sí pé òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn, tó sì fẹ́ máa wo Compact, yóò ná ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù rẹ̀ lé tẹlifíṣọ̀n nìkan. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń béèrè pé: ṣé kò yẹ kí á pa díkódà tì, kí á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ?

Àwọn tó ti lọ kò kéré. Láàárín oṣù Kẹta ọdún 2023 sí oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 oníbàárà ní Nàìjíríà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ náà dá àfikún owó dúró títí ìwádìí yóò fi parí. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá da ẹjọ́ tí MultiChoice pè nù, ṣùgbọ́n adájọ́ náà sọ pẹ̀lú pé àjọ náà kò ní agbára láti fi iye lé ọjà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí oníbàárà má retí pé àṣẹ ìjọba ni yóò dá iye owó padà sí ti àná. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àǹfààní láti fi olùtajà kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn. Ìbéèrè tó kù ni bí ìlọ náà ṣe rọrùn tó.

Ẹ jẹ́ kí á fi fóònù wé e. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni àjọ NCC ti fàyè gba ẹni tó ń lo fóònù láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn. Fóònù rẹ̀ kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì yí padà. Ti tẹlifíṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni a máa ń pè é ní kébù, ṣùgbọ́n kò sí wáyà kankan tó ti ilé-iṣẹ́ wọ inú ilé wa. Láti ojú sánmà tàbí láti orí òpó ni àwòrán ti ń wá, díkódà ni ó sì ń tú u fún ojú láti rí. Díkódà ilé-iṣẹ́ kan kì í ṣiṣẹ́ fún òmíràn. Ẹni tó bá kúrò yóò ra díkódà tuntun, bóyá àti díìṣì tuntun, yóò sì sanwó fún ẹni tí yóò so ó mọ́lẹ̀. Ó dà bí ayálégbé tó fi owó ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tó wá ń kó jáde lọ́wọ́ òfo.

Ìtàn HiTV yẹ kó ṣì wà ní ìrántí wa. Ní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà yìí gba ẹ̀tọ́ láti máa fi ìdíje bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù sì rọ́ lọ ra díkódà rẹ̀. Ní ọdún 2010 ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Díkódà tí àwọn ènìyàn fi owó gidi rà di ohun tí eruku ń bò lórí tábìlì. Nítorí náà, kì í ṣe iye oṣù yìí nìkan ni a fi ń yan olùtajà. A tún ń wo bí ó ṣe lè pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Ibo wá ni ìdílé kan ní Ìta-Ògbólú lè gbà lọ? Ọ̀nà mẹ́rin ló wà.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ó sọ̀kalẹ̀ sí ìpele tó rẹlẹ̀ lórí díkódà kan náà, tàbí kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ díkódà tí owó rẹ̀ kéré, irú bíi GOtv tàbí StarTimes, tó ti ń bá NTA ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọdún 2010. Ìpele Max lórí GOtv jẹ́ náírà 8,500 lóṣù ní ọdún 2025, èyí tó jẹ́ 102,000 lọ́dún. Compact ń gba 228,000 láàárín àkókò kan náà.

Ọ̀nà kejì ni íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Àǹfààní rẹ̀ fún ìlú àgbẹ̀ ni pé kò dúró de wáyà tàbí òpó ilé-iṣẹ́ fóònù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, owó rẹ̀ di náírà 57,000 lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta Compact gẹ́lẹ́, ó sì jẹ́ 684,000 lọ́dún, láìka owó ẹ̀rọ rẹ̀, tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan ẹgbẹ̀rún náírà. Kò sì gbé tẹlifíṣọ̀n wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù tí a ń tà yóò tún sanwó fún ìyẹn lọ́tọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni dátà orí fóònù. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ níwọ̀n ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì kan ní wákàtí kan. Èyí tí àwòrán rẹ̀ dán gan-an lè jẹ mẹ́ta. Ìdílé tó bá ń wo wákàtí méjì lójúmọ́ yóò ná gígábáìtì 60 sí 180 lóṣù. Kí oníkálukú fi iye tí ó ń ra dátà ṣe ìṣirò yìí kó tó sọ pé fóònù ló dínwó jù.

Ọ̀nà kẹrin ni eyí tí a kì í sanwó oṣù fún. Ẹ̀ríà lásán lè gbé NTA Àkúrẹ́ àti OSRC wọlé. Ìròyìn ìpínlẹ̀ wa àti ètò lédè Yorùbá wà níbẹ̀. Ìdílé tó bá ní ẹ̀ríà kò ní ṣe aláìgbọ́ ìròyìn nígbà tí owó oṣù díkódà bá tán.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìdílé kọ́kọ́ kọ ohun tí ó ń wò gan-an sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn àti eré Yorùbá nìkan, ìpele kékeré pẹ̀lú ẹ̀ríà ti tó. Bí ọmọ ilé bá ń kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí bí òwò ìdílé bá gbára lé e, íntánẹ́ẹ̀tì tó dára lè mú owó tirẹ̀ wá, tẹlifíṣọ̀n á sì di èrè orí rẹ̀. Kí á fi iná mànàmáná kún ìṣirò náà pẹ̀lú: ẹ̀rọ tó gbọ́dọ̀ wà lórí kó tó ṣiṣẹ́ yóò mu epo jẹnẹrétọ̀ nígbà tí iná kò bá sí. Kí á wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nílé aládùúgbò kí á tó ra tiwa. Kí á má sì tíì ta díkódà àtijọ́ títí oṣù méjì tàbí mẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù lè pe NCC sórí 622 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀sùn lórí díkódà, FCCPC ni kí á gbé e lọ bá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba náà. Wáyà fáíbà tó wọ inú ilé ni yóò sọ yíyan olùtajà di ohun tó rọrùn. Ìjọba àpapọ̀ ti gbèrò láti ri ẹgbẹ̀rún 90 kìlómítà rẹ̀ mọ́lẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò pé kí owó tí ilé-iṣẹ́ yóò san láti gbẹ́ ilẹ̀ fún un má ju náírà 145 lórí mítà kan. Bí wáyà bá ṣe ń tètè kúrò ní ìgboro Àkúrẹ́ gba ọ̀nà Ìta-Ògbólú àti Ìjù ni ará ìlú yóò ṣe máa ní ibòmíràn láti lọ, olùtajà yóò sì máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi owó kún owó.